Bí Gbogbo Wọn Bá Jẹ́ Ọ̀gá, Ta Ni Yóò Sáré Lọ Gba Bọ́ọ̀lù?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí o! Ní Ìwáyà, bí ọwọ́ bá ti dilẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹjọ́ kan wà tí kì í tán: bí gbogbo agbábọ́ọ̀lù tí Nàìjíríà ti ní rí, àtòkú àtààyè, bá lè padà di ọ̀dọ́, àwọn mọ́kànlá wo ni ká kó wọ pápá?

Ní ti gólì, àwọn àgbà ń pe Best Ogedegbe tó ṣọ́ ilé lọ́dún 1980, àwọn ọ̀dọ́ ní Vincent Enyeama ni. Èmi gbà fún ọ̀dọ́. Lẹ́yìn, mo mú Eguavoen lọ́tùn-ún, Babayaro lósì, kí Christian Chukwu, balógun ọdún 1980, àti Stephen Keshi, balógun ọdún 1994, dúró láàárín wọn.

Níwájú, ta ló fẹ́ yọ Rashidi Yekini? Góòlù 37 ló gbá wọlé fún Nàìjíríà. Òun ló gbá àkọ́kọ́ wa nínú ife ẹ̀yẹ àgbáyé, nígbà tí a na Bulgaria 3-0 lọ́dún 1994. Finidi George ló gbé bọ́ọ̀lù yẹn fún un láti ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún yìí kan náà ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí sì ti ń dárà! Ẹni méjì ò lè dúró sójú kan. Mo fi Finidi sílẹ̀ níbẹ̀, mo gbé Ọdẹ́gbàmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Yekini. Ẹni tó gbá méjì wọlé ní Surulere lọ́jọ́ 22, oṣù kẹta, 1980, tí a na Algeria 3-0, kò lè ṣìnà ilé.

Àárín gan-an ni ìjà wà. Àwọn kan ní ká kó Haruna Ilerika ti Stationery Stores, Jay-Jay Okocha àti Kanu síbẹ̀ pa pọ̀. Ó dùn-ún gbọ́! Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tiwọn ni gbogbo wọn ń fẹ́ bọ́ọ̀lù sí. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ta ni yóò sáré lọ gbà á? Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ mọ̀ ọ́n: ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ ń pe oníbàárà, tí kò sẹ́ni tó ń ru ẹrù wọlé, àtẹ rẹ̀ ò ní pẹ́ ṣófo.

Muda Lawal ni tèmi. Mẹkáníìkì ni kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó wà nínú Shooting Stars Ìbàdàn tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1976. Òun ló gbá ẹ̀kẹta wọlé lọ́jọ́ Algeria yẹn. Láti 1976 títí dé 1984, ìgbà márùn-ún ló bá wa lọ síbi ìdíje ife Áfíríkà. Ó ń gbà á lẹ́yìn, ó tún ń gbá a wọlé níwájú. Ó kú lọ́dún 1991, ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ẹni yín. Bí òun àti Sunday Oliseh bá ń ṣe iṣẹ́ ogun, Okocha á lè dárà bó ṣe fẹ́.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yóò rọ̀jò: “Amuneke ńkọ́, tó gbá méjèèjì tí a fi na Zambia lọ́dún 1994?” Òótọ́ ni, ó dùn mí. Ẹ kọ̀wé sí wa, kí ẹ sọ ẹni tí ẹ ó yọ kí Amuneke lè wọlé. Ẹ ṣáà má yọ Muda.