Dídá iná àgbẹ̀dẹ sẹ́yìnkùlé: ohun tó yẹ kí ọmọ Ògún mọ̀

Ọ̀rọ̀ irin ló délẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ wo ilé babaláwo, ẹ ó rí òsùn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, èyí tí kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ni ín bá wà láyé. Ẹ wo ilé oníṣègùn, ẹ ó rí ọ̀pá Ọ̀sanyìn pẹ̀lú àwọn ẹyẹ irin tó yí orí rẹ̀ ká. Ẹ wo ojúbọ ọdẹ, àdá àti ọ̀kọ̀ ló wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò tọwọ́ alágbẹ̀dẹ wá. Àwọn tó ń rọ wọ́n sì ti ń dín kù. Àdá òkè òkun pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ kò tó ti èyí tí wọ́n fọwọ́ rọ. Ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ti di wẹ́dà, òmíràn ti ń gun ọ̀kadà. Nígbà tí babaláwo bá wá ń wá òsùn, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ló ń lọ, kí ó bá òun fi iná mànàmáná lẹ ọ̀pá irin ìkọ́lé mọ́ra.

A kò bá wẹ́dà jà, ọmọ Ògún lòun náà. Ṣùgbọ́n lílẹ̀ yàtọ̀ sí rírọ. Ẹni tó ń rọ irin ló ń fà á gùn nínú iná, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń mú ẹyẹ jáde lára ọ̀pá kan ṣoṣo. Bí ìmọ̀ yẹn bá parẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ nìkan ló lọ, ohun èlò ẹ̀sìn wa ló bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kan fi tọ́ sí ìdáhùn gidi: ǹjẹ́ ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ lè fi owó kékeré dá iná àgbẹ̀dẹ sẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀? Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ilẹ̀ irin ni ilẹ̀ wa

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣà àjèjì ni a fẹ́ gbé wọlé. Ní Ilé-Ifẹ̀, ìtàn sọ pé Ògúnládìn ni alágbẹ̀dẹ Odùduwà, ojúbọ rẹ̀ sì wà ní ààfin Ọọ̀ni, níbi tí odindi irin ńlá kan wà. Ní Mọdákẹ́kẹ́, àwọn onímọ̀ méjì, Akin Ige àti Thilo Rehren, yẹ ìdàrọ́ tí àwọn baba wa dà nù wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2003: yanrìn dúdú àti òkúta irin ni wọ́n ń yọ́ láti rí irin. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, orí idà ni ìtàn ọba dúró lé. Ajíbógun ló lọ bu omi òkun wá kí ojú Odùduwà lè là, ibẹ̀ ni orúkọ Obòkun ti wá. Kó tó dé, wọ́n ti pín ogún tán, idà ni bàbá fi lé e lọ́wọ́. Títí dòní, Ìwúde Ògún ni ọdún ńlá tó ń mú Ọwá Obòkun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ jáde ní Iléṣà. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 sí 1893, tí Ògèdèǹgbé Agbógungbórò ṣe olórí ogun Èkìtì Parapọ̀, ogun ọdún 16 kò lè ṣeé jà láìsí ẹni tó ń tún ìbọn ṣe lẹ́yìn.

Ní Òṣogbo, ọmọ ìdílé alágbẹ̀dẹ ni Aṣírù Ọlátúndé tí wọ́n bí lọ́dún 1918. Nígbà tí àìlera kò jẹ́ kó lè lu irin mọ́, ó kọjú sí bàbà àti àlùmíníọ́mù, ó fi òòlù ya ìtàn wa sí wọn lára. Ulli Beier rí iṣẹ́ rẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun kó tó papò dà lọ́dún 1993. Ìlú kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ilé-iṣẹ́ irin ńlá sí lọ́dún 1983, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀rọ ibẹ̀ fi dákẹ́. Èédú àti ẹwìrì kò dúró de ìjọba kí wọ́n tó ṣiṣẹ́.

Ṣé ẹni tí kò tinú ilé àgbẹ̀dẹ wá lè ṣe é?

Àwọn àgbà kan kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní ẹbí ni wọ́n ń jogún owú lọ́dọ̀ rẹ̀, pé ẹni tí kò mọ èèwọ̀ irin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfidànù, nítorí ibi tí owú bá dúró sí, ojúbọ Ògún ni. A kì í jókòó lé owú, a kì í parọ́ níwájú rẹ̀. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé irin ni ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń búra ní kóòtù.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀dẹ fúnra wọn ti ń gba ọmọ ẹlòmíràn síṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ náà á máa fínná fún ọ̀gá, á máa kó èédú, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá, kó tó di pé wọ́n fi òòlù lé e lọ́wọ́. Ohun tí a rí dì mú níbẹ̀ ni pé ìwà àti sùúrù ni wọ́n fi ń wọ ilé àgbẹ̀dẹ, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan. Iná ẹ̀yìnkùlé dára fún ìdánrawò, kò lè gba ipò ọ̀gá. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wá àgbẹ̀dẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò yín lọ. Ẹ mú obì àti ẹmu dání. Bí ẹ bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, ẹ dúró sẹ́yìn kó parí ohun tó wà nínú iná, kí ẹ tó kí i: “Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ògún á gbè yín o.” Bó bá gbà kí ẹ máa wá fínná fún òun lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ ti rí ohun tí owó kò lè rà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bi Ifá. Ògúndá Méjì ni odù tí ọ̀rọ̀ Ògún ti rinlẹ̀ jù, ṣùgbọ́n odù tó bá jáde fún yín ni kí babaláwo yín túmọ̀, kí ẹ sì rú ohun tó bá ní kí ẹ rú. Ẹ jẹ́ kí iná àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ Ògún nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Obì, ẹmu àti èsun iṣu kò wọ́n jù fún ẹnikẹ́ni.

Bí a ṣe ń to ààrò náà

Ẹ wá ríìmù ọkọ̀ ńlá tó ti gbó, tàbí dúrọ́ọ̀mù bíréèkì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù. Òun ni yóò di ààrò yín. Ẹ gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù kí ó lè ga tó ìbàdí. Ẹ lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí páìpù tó fẹ̀ tó íǹṣì 1 ààbọ̀, tó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 3, lè gbabẹ̀ wọlé. Páìpù irin dúdú ni kí ó jẹ́.

Ẹ po amọ̀ ìwọ̀n 2 mọ́ iyanrìn ìwọ̀n 1 àti eérú díẹ̀. Amọ̀ ara ọ̀gán dára púpọ̀ fún un. Omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀: bí ẹ bá dì í mọ́ ọwọ́, kó dúró pọ̀, kó má sì máa yọ̀. Ẹ fi tẹ́ inú ríìmù náà kí ó nípọn tó íǹṣì 2, kí ẹ ṣe kòtò bí abọ́ ńlá sí àárín, kí ẹnu páìpù yọ sí ẹ̀gbẹ́ kòtò náà, ní nǹkan bí ìka 3 sókè ìdí rẹ̀. Ẹ fi amọ̀ bo ẹnu páìpù kí iná má baà jẹ ẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ lábẹ́ òjìji fún ọjọ́ 5 sí 7. Bó bá sán, ẹ fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ dá iná igi kékeré sínú rẹ̀ kí ó gbẹ dénú. Ẹni tó bá kánjú da iná ńlá sínú amọ̀ tútù, fífọ́ ni yóò máa fọ́ mọ́ ọn lójú. Òkúta odò àti kọnkéré kò gbọdọ̀ wọ inú ààrò, nítorí omi tó fara pamọ́ sínú wọn lè mú kí wọ́n bú gbàù.

Ọ̀rọ̀ kan afẹ́fẹ́. Igi kan ṣoṣo ni àwọn baba wa fi ń gbẹ́ ẹwìrì, wọ́n á dá abọ́ méjì sí i lára, wọ́n á fi awọ bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á de ọ̀pá mọ́ àárín awọ. Bí ọmọṣẹ́ ṣe ń ti ọ̀kan sísàlẹ̀ ló ń fa èkejì sókè, afẹ́fẹ́ kò sì ní í dá. Ẹnu ẹwìrì kì í fún pinpin mọ́ ẹnu páìpù amọ̀. Àyè díẹ̀ máa ń wà láàárín wọn kí ẹwìrì má baà fa iná mì. Lónìí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀dẹ ló ti fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere rọ́pò rẹ̀: wọ́n á fọwọ́ yí i, bẹ́líìtì á sì yí fáànù kékeré kan tó wà nínú àpótí irin. Èyí ni a gbà yín nímọ̀ràn. Dráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun náà lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, bí iná bá sì lọ, iṣẹ́ tán nìyẹn.

Fún owú, irin tó wúwo, tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, tí ẹ rì mọ́ orí ìtì igi líle ti tó. Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ ga dé ibi tí ìkúùkù yín bá dé nígbà tí ẹ bá dúró tí apá sì wà nílẹ̀. Ó dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti fi irin rélùwéè ṣe owú, ó sì dára fún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyànkénìyàn ń tú ojú irin ìjọba tà. Irin tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, tí olùtajà kò lè fún yín níwèé rẹ̀, ẹ má rà á. Irin olè kò ṣeé gbé síwájú Ògún. Òòlù kìlógíráàmù 1, ẹ̀mú kan, garawa omi àti garawa iyanrìn ló kù.

Irin àlòkù kì í ṣe àbùkù. Ní Abomey, lórílẹ̀-èdè Benin, Akati Ekplékendo rọ ère Gu, tí í ṣe Ògún lọ́dọ̀ àwọn Fọ̀n, fún ọba Glèlè ní nǹkan bí ọdún 1858. Irin àlòkù ló fi rọ ọ́. Ère náà ló wà ní Louvre ní Paris lónìí.

Àwọ̀ irin ni olùkọ́

Èédú igi líle ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí iná ràn dáadáa, kí ẹ tẹ irin bọ inú èédú ní ọ̀kánkán ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́nu páìpù gan-an. Bí irin bá pupa bí obì, kò tíì yá. Bí ẹ bá lù ú, agbára yín ló ń ṣòfò. Bó bá pọ́n bí ọsàn, ẹ yọ ọ́, ẹ lù ú. Bó bá padà pupa bí obì, ẹ dá a padà síná. Bó bá funfun tó sì ń ta ẹ̀ṣẹ́ná, iná ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn.

Ìkọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, láti ara ọ̀pá irin mílímítà 10. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa irin gùn, bí wọ́n ṣe ń mú ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó àti bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ rọ 20 kí ẹ tó ronú ọ̀bẹ. Sípíríǹgì ọkọ̀ ló dára fún ọ̀bẹ. Kí ẹ tó pa á, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì yẹ̀ ẹ́ wò: ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 770 lórí òṣùwọ̀n Celsius, mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ irin mọ́. Bó bá ti pọ́n díẹ̀ kọjá ibẹ̀, ẹ rì í bọ òróró, ẹ má rì í bọ omi, kó má baà sán. Lẹ́yìn náà, ẹ tún fi ooru díẹ̀ yá a títí tí ojú rẹ̀ yóò fi ní àwọ̀ koríko gbígbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa kán bí àwo.

Ewu tí kò gba àwàdà

Ìta gbangba tàbí abẹ́ àtíbàbà tó ṣí sílẹ̀ ni iṣẹ́ yìí wà fún. Afẹ́fẹ́ burúkú tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ó sì lè pa ènìyàn nínú yàrá. Páànù, páìpù funfun àti gbogbo irin tí wọ́n fi síǹkì bò kò gbọdọ̀ kan iná, torí èéfín rẹ̀ máa ń fa ibà àti ikọ́. Aṣọ òwú ni kí ẹ wọ̀, ẹ má wọ nílọ́ọ̀nù. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi awò bo ojú. Irin tó ti dúdú ṣì lè gbóná, nítorí náà, kí àwọn ọmọdé jìnnà.

Ọ̀kan ṣì kù tó kan àwa ẹlẹ́sìn ní pàtàkì. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà máa ń bu omi tí alágbẹ̀dẹ fi pa irin lọ ṣe oògùn. Omi ilé àgbẹ̀dẹ àtijọ́ ni wọ́n mọ̀. Irin àlòkù ti òde òní ní ọ̀dà, gíríìsì àti síǹkì lára, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú garawa. Bí aládùúgbò bá wá tọrọ omi yìí láti fi ṣe àgbo fún ọmọ rẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé kò ṣeé mu. Ìlera ọmọ yẹn wà lọ́rùn ẹni tó ni iná.

Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni ọ̀dọ́ kan ní Iléṣà tàbí ní Òṣogbo, tí yóò lè rọ òsùn fún babaláwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lábẹ́ owú, tí ẹyẹ orí rẹ̀ yóò sì jáde láti ara irin kan náà. Kò ní í ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan. Ríìmù àlòkù àti àpò èédú kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ògún á gbè wá, iná kò ní í jó wa, irin kò ní í ṣe wá léṣe. Àṣẹ.