Gáàsì Kọ́ Ló Tán, Asẹ́ Ló Dí

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé láti Tunga, Bosso àti Maitumbi, ẹjọ́ kan náà lẹ ń rò. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá, tí eruwà tanná káàkiri ẹ̀yìn ìlú Minna, imú á máa ṣomi, ojú á máa yún. Ẹ sá wọ yàrá, ẹ pa fèrèsé dé, ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù. Sísín wá le sí i, yàrá ò sì tutù tó bó ṣe yẹ. Ẹ pe oníṣẹ́, ó ní gáàsì ló tán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣìnà ni pé ẹ rò pé ìta ni ẹ̀rọ yìí ti ń fa afẹ́fẹ́ wá. Rárá o! Gáàsì ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú páìpù méjì tó gba ara ògiri jáde yẹn. Afẹ́fẹ́ inú yàrá yín náà ló ń fà látòkè, tó ń gbé kọjá lára páìpù bàbà tútù, tó sì ń fẹ́ jáde nísàlẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú ìtànná tó bá aṣọ yín wọlé nírọ̀lẹ́, òun náà lẹ ó máa fà símú mọ́jú.

Asẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ irun, òwú àti eruku ńláńlá ni wọ́n ṣe é fún. Lẹ́búlẹ́bú ìtànná koríko sábà máa ń wà láàárín 20 sí 40 nínú ìdá 1,000 mílímítà kan. Ihò asẹ́ yẹn fẹ̀ jù ú lọ fíìfíì. Èyí tó bá kọjá á lẹ̀ mọ́ ara páìpù tó ń làágùn. Omi pàdé ìdọ̀tí nínú òkùnkùn, ohun tó ń mú búrẹ́dì bu á sì hù síbẹ̀. Òun lẹ ń gbóòórùn rẹ̀ tí ẹ bá kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ, òun náà sì ń múni sín. Kí ọyẹ́ tún wá gbé eruku Bodélé láti ilẹ̀ Chad dé, ẹrẹ̀ ló kù tí yóò dà.

Nígbà tí asẹ́ bá dí pátápátá, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè dé ara páìpù, páìpù á tutù kọjá ààlà, yìnyín á bò ó. Gáàsì tó jò náà lè fa irú yìnyín bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn gbájúẹ̀ ti ń jẹun. Gáàsì kì í jó tán bí epo mọ́tò; inú páìpù tí wọ́n dí pa ló wà. Bí kò bá jò, kò lè dín. Ẹni tó ń ta gáàsì fún yín lọ́dọọdún láì fi ọṣẹ híhó wá ibi tó ń jò, olè ni.

Ẹ jẹ́ n pa àlàyé tì ná, kí n sọ ohun tí ẹ ó ṣe. Ẹ yọ asẹ́, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ méjì méjì títí òjò á fi padà, ẹ sá a síbi òjìji. Ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ láìsí asẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ́sítíìkì sódà fọ inú rẹ̀; ó ń jẹ alumíníọ̀mù tó wà níbẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ ìta, kí ẹ wẹ̀ kí ẹ tó sùn. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́bàá fèrèsé: ẹ̀rọ tí kì í pààrọ̀ afẹ́fẹ́ kò lè lé èéfín tó bá yọ́ wọlé jáde, èéfín yẹn sì ti pa odidi ẹbí mọ́ ojú oorun ní Nàìjíríà.

Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń sú fèé, tí èémí rẹ̀ ń há, kó má kọ̀wé sí mi. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lónìí.