Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Oògùn kan náà, ẹ̀jẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin ará Òmù-Àrán, Ẹ̀sìẹ́ àti gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà, ẹ ti mọ AA, AS àti SS. Ó ku ọ̀kan tí a kì í sábà bèèrè: G6PD, èròjà ara tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Láàárín àwa Yorùbá, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 ni tirẹ̀ kò tó. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọkùnrin ti ń jogún àìtó yìí.

Ibà ló fà á tó fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1969, olùwádìí Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn fi hàn pé kòkòrò ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè nínú irú ẹ̀jẹ̀ yìí. Àbò ni, ṣùgbọ́n ó ní gbèsè tirẹ̀: oògùn primaquine àti dapsone lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà, ìtọ̀ á dúdú bíi kóòkì, ojú á pọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó Lapdap, oògùn ibà tó ní dapsone nínú, kúrò lọ́jà ní 2008.

Kàńfọ̀ tí ẹ ń kó sáàárín aṣọ ọmọ tuntun ńkọ́? Òun náà ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó, ibà pọ́njú tó ń fà sì lè ba ọpọlọ jẹ́. (Ìyá àgbà á ní, aáyán wá ńkọ́? Ẹ sá aṣọ náà sóòrùn, kí ẹ sì dì í sínú ọ̀rá.) Bí dókítà bá fẹ́ kọ primaquine fún yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ yẹ G6PD yín wò.