Ṣé o mọ̀? Ológbò tó fi ọpọlọ ṣiṣẹ́ jẹun

Ológbò lè kọ́ bí a ṣe ń darí ọpọlọ ara ẹni. Ní Kalifọ́níà, ní àwọn ọdún 1960, onímọ̀ nípa ọpọlọ kan, Barry Sterman, fi wáyà so orí àwọn ológbò kan mọ́ ẹ̀rọ. Bí ìgbì iná ọpọlọ wọn bá ti ń lù ní ìgbà 12 sí 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wàrà tàbí omi ọbẹ̀ adìyẹ á jáde. Wọ́n gbọ́n sí i: wọ́n á dúró gbagidi, ojú wọn á là kedere. (Ọbẹ̀ adìyẹ kúkú ni!) Nígbà tí Sterman wá gún àwọn ológbò ní abẹ́rẹ́ èròjà epo rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń fa gìrì, ó pẹ́ kí gìrì tó mú àwọn tó ti kọ́ bí a ṣe ń darí ọpọlọ wọn.