Ọwọ́ Kan Náà Ni Kó Máa Tọ́jú Ìyá Wa

 

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan gbogbo àwa tí a ń jí lọ sọ́jà Sàngó-Ọ̀tà kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ìyá arúgbó sì wà nílé. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò dé ọjà, kò ní rówó ra oògùn ìyá. Ìdí nìyí tí a fi ń gba ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn. Àwọn mìíràn a sì gbé ìyá lọ sílé àwọn arúgbó, irú Regina Mundi tí Ìjọ Àgùdà ní ní Múṣin. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ọ̀ràn wà ni pé ọwọ́ tó ń tọ́jú ìyá kì í dúró.

Ọ̀kan nínú wa gba ọmọ mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin. Èkíní lọ ṣe káṣúà níléeṣẹ́, èkejì lọ sílé ọkọ. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, Màmá ò jẹun mọ́. “Èmi ò mọ ẹni tó ń tú aṣọ lára mi,” ni wọ́n ń sọ. Egbò ti ń jẹ wọ́n níbàdí, kò sẹ́ni tó rí i, torí kò sẹ́ni tó mọ bí ara wọn ti rí tẹ́lẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òfin ọdún 1987 ní kí olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì gba ẹ̀kọ́ wákàtí 75, ó kéré tán. Ẹ̀kọ́ nìkan ò tó o. Àwọn ilé kan níbẹ̀ a máa pààrọ̀ òṣìṣẹ́ káàkiri, àwọn mìíràn a fi arúgbó kan sọ́wọ́ ẹnì kan náà. Ẹni tó mọ Màmá ló ń tètè rí i pé ara wọn ò yá. Arúgbó tí iyè rẹ̀ ń rá kì í sì í sábà bẹ̀rù ojú tó bá mọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ẹ bá gbà, ẹ má jẹ ẹ́ lówó oṣù. Ẹ fún un lọ́jọ́ ìsinmi, kí ẹni tí Màmá ti mọ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí Màmá ò bá lè dìde, kó máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì. Bó bá fẹ́ lọ, kó kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan mú ẹni tuntun mọ Màmá. Bó bá sì jẹ́ ilé arúgbó, ẹ bi ọ̀gá ibẹ̀ pé: “Ta ni yóò máa wẹ̀ fún ìyá mi? Ṣé òun náà ni lọ́la?”

Oníbàárà wa pàápàá kì í fẹ́ kí ọmọ tuntun máa wọn gàrí fún òun lójoojúmọ́. Ìyá tó bí wa ju oníbàárà lọ.

Àwa náà á dàgbà, a ò ní bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Àṣẹ.