Ìdánwò ti parí, ilé ìwé ò tíì parí: ohun tí ọmọ yín ń kọ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọlidé Kérésìmesì

Lásìkò yìí lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ kan máa ń wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: "Màámi, a ti ṣe ìdánwò tán, wọn ò kọ́ wa ní nǹkan kan mọ́." Bí òbí bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn. Ẹlòmíì á mú ọmọ lọ sọ́jà kó wá bá òun tajà ọdún, ẹlòmíì á ti fi í wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ pọ̀ jù nílé ìwé. Sáà kìíní tó bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án ló ń parí lọ yẹn. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: bí ọmọ 40 bá wà ní kíláàsì kan, tí wọ́n ń ṣe sọ́bújẹ́ẹ̀tì 10, ìwé ìdánwò 400 ni tíṣà máa máàkì kí káàdì tó jáde. Nílé ìwé ìjọba púpọ̀, tíṣà kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kọrẹ́ṣọ̀n. Tíṣà á dá ìwé padà fáwọn ọmọ, á sì tún àwọn ìbéèrè náà ṣe lójú bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìṣirò kan. Wọ́n ní kọ́mọ yọ 178 kúrò nínú 402, ó kọ 376. Ẹni tó bá wò ó lásán á ní olódo ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Apá ọ̀tún lọmọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀: ó rí 2 lókè, ó rí 8 nísàlẹ̀. Nígbà tó rí i pé 2 kéré, ó yí wọn padà, ó yọ 2 kúrò nínú 8, ó kọ 6. Ó dé ibi òdo àti 7, ó tún yí i, ó kọ 7. Ibi 4 àti 1 nìkan ló ti ṣe bó ṣe yẹ. Ọmọ yìí mọ ìyọkúrò, yíyá ni kò mọ̀. (Ó sì ń yà mí lẹ́nu, torí ìyọkúrò ò ṣàjèjì sí Yorùbá: mẹ́rìndínlógún tá à ń pè lójoojúmọ́, 20 tí wọ́n yọ 4 níbẹ̀ ni.) 224 ni ìdáhùn. Bí tíṣà bá ṣàlàyé ẹ̀ fún un lójú bọ́ọ̀dù, ó lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bọ́mọ bá wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, òun àti 376 ni wọ́n jọ máa wọ sáà kejì.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí nínú iṣẹ́ Yorùbá. Ọmọ tí kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ṣé ọkọ ìyàwó ló ní lọ́kàn, àbí ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, àbí ọkọ̀ tó ń ná Ìbàdàn? Bí wọ́n bá kàn fi bírò pupa fagi lé e, tí ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé, ó lè rò pé tíṣà kórìíra òun ni.

Ká wá sórí káàdì. Ipò ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń wò: "Kẹẹ̀ẹ́dógún? Àwọn tó ṣáájú ẹ, ṣé orí méjì ni wọ́n ní?" Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó gba ipò kẹta láàárín ọmọ mẹ́jọ lè ti gba 48 nínú 100, kí ẹni tó gba ipò kẹẹ̀ẹ́dógún láàárín ogójì sì ti gba 70.

Bí máàkì ṣe pín ni kẹ́ ẹ wò. Nílé ìwé púpọ̀, àwọn ìdánwò kéékèèké àárín sáà ló ni 40, ìdánwò ìparí ló ni 60. Àwọn míì ń lo 30 àti 70. Ọmọ tó gba 34 nínú 40, tó wá gba 21 nínú 60, ó ṣeé ṣe kó mọ iṣẹ́, àmọ́ kó má yára kàwé, tàbí kí àyà ẹ̀ já, tàbí kí ara ẹ̀ má yá lọ́sẹ̀ ìdánwò. Bó bá jẹ́ 12 nínú 40 àti 45 nínú 60, ẹ wo iye ìgbà tó wá sílé ìwé. Ó lè jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àwọn ìdánwò kéékèèké. Bẹ́ ẹ bá sì rí 116 níbi iye ìgbà yẹn, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń máàkì rẹ́jísítà lóòjọ́, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ọjọ́ 58 nìyẹn.

A mọ̀ pé oṣù Kejìlá lọjà ń tà, ọwọ́ ọmọ sì wúlò ní ìsọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ UBE tọdún 2004 sọ ọ́ di dandan fún òbí láti jẹ́ kọ́mọ lọ sílé ìwé títí dé JSS 3, àmọ́ kì í ṣe torí òfin la ṣe ń sọ èyí. Ọjọ́ mélòó kan péré ni. Ẹ bi tíṣà pé ọjọ́ wo ni kọrẹ́ṣọ̀n, torí ọjọ́ pátì nìkan lọmọ máa sọ fún yín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pín káàdì, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ rí ìwé ìdánwò ẹ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ kọ 402 sókè, ẹ kọ 178 sísàlẹ̀, ẹ gbé pẹ́ńsù fún ọmọ, kẹ́ ẹ sì wò ó títí tó fi máa ṣe é tán. Ọjọ́ ìwọlé sáà kejì wà nísàlẹ̀ káàdì.