Ẹ̀fọn Òru àti Ẹ̀fọn Ọ̀sán

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa ibà. Mo ní bí wọ́n bá ti ń sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, wọ́n bọ́. Ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́, ó ní: "Tíṣà, èyí tí ó ń jẹ wá lẹ́sẹ̀ nísinsìnyí ńkọ́?" Ẹnu mi wọhò.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀fọn méjì ni ó yẹ kí a mọ̀. Ẹbí kan náà ni wọ́n. Abo wọn nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀, kí ó lè rí ẹyin yé. Akọ kì í jẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwà wọn kò bára mu rárá.

Èkíní ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Anopheles gambiae. Òun ni ó ń gbé ibà kiri, òru ni ó sì máa ń jẹni. Bí ó bá bà sára ògiri, a gbé ìdí sókè. Omi òjò tí oòrùn ń pa nínú kòtò ojú ọ̀nà ni ó máa ń yé sí. Tanwíji rẹ̀ a sùn gbalaja sójú omi.

Èkejì ni Aedes aegypti. Dúdú ni, ó sì ní àmì funfun lẹ́sẹ̀. Ọ̀sán ni ó ń jẹni. Òun ni ó ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, àrùn tí ó pa Dókítà Adrian Stokes ní Èkó ní 1927, nígbà tí ó ń wádìí rẹ̀. Omi àyíká ilé ni ó fẹ́: àmù, agolo, táyà àlòkù. Tanwíji tirẹ̀ a dorí kodò. Ẹyin rẹ̀ lè wà ní gbígbẹ fún oṣù púpọ̀, kí ó sì pa nígbà tí omi bá kàn án.

Lọ́jọ́ náà, a yẹ àgbá omi ẹ̀yìn kíláàsì wò. Tanwíji kún un, gbogbo wọn dorí kodò! Èmi fúnra mi ni mo gbé e síbẹ̀ láìbò ó. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà.

A da omi náà nù, ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó, nítorí ẹyin a máa lẹ̀ mọ́ ara àgbá. A fi kànrìnkàn ha á, a sì wá ìdérí fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, nítorí ti òru, ẹ sùn lábẹ́ àwọ̀n. Nítorí ti ọ̀sán, ẹ máa ha inú àmù yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì bò ó. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ pẹ̀lú; ẹ̀ẹ̀kan péré tó ọ̀pọ̀ ènìyàn títí ọjọ́ ayé wọn.

Ọmọbìnrin náà ni mo fi ṣe olórí àwọn tí ń bojú tó àgbá wa báyìí.